Iná ẹ́ńjìnnì tàn, wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, wọ́n ní gàráǹtì ò kàn án. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Wàńdò, Àjàṣẹ́

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ fi ìbínú bà á jẹ́. Mọ́tò tí mo fi ń kó aṣọ láti Wàńdò lọ Kùtọnu, tuntun ni mo rà á, kì í ṣe àlòkù tó ti òkè òkun bọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò tuntun ní Kùtọnu ni mo ti rà á, gàráǹtì ọdún 3 tàbí 100 000 kìlómítà, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Kò tíì pé ọdún 2, 41 000 ló rìn. Iná ẹ́ńjìnnì ṣàdédé tàn. Mọ́tò ò gbọ̀n, kò kú sójú ọ̀nà, àmọ́ ó ń mu ẹsáǹsì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá tó bá jẹ́ ibi tí ò jìnnà ni mò ń lọ.

Mo gbé e padà fún wọn. Wọ́n fi valise, ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò, sí i, wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ tó máa ń wo èéfín, sonde lambda yẹn, ti kú, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Àfi bí mo ṣe fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n na facture, ìwé owó, sí mi: diagnostic (àyẹ̀wò) 25 000, sonde 96 000, main d'œuvre (owó iṣẹ́) 20 000, gbogbo ẹ̀ 141 000 sẹ́fà. Mo ní gàráǹtì ńkọ́? Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní epo tí mò ń rà ló bà á jẹ́, pé kpayó ni, epo Nàìjíríà tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí ọ̀nà, pé gàráǹtì kì í kan ohun tí epo burúkú bá bà jẹ́. Kò yẹ epo wò o! Kò fa ẹ̀kán epo kan jáde nínú táńkì. Ọjà àwọn oníbàárà wà nínú bùùtù, mo san owó, mo lọ.

Iná yẹn ti tún tàn báyìí. Sẹ́ńsọ̀ tuntun ló wà níbẹ̀ o. Mo gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ wọn, ó wà nílé nínú páálí, wọ́n sì kọ kóòdù P0135 sára ìwé iṣẹ́. Ṣé owó mi ti wọgbó nìyẹn?

Mẹkaníkì Kétu

Tàǹtí, ẹ kú ìrọ́jú o. Kí n tó sọ nǹkan míì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tọ́jú sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ yẹn. Ẹ má jù ú nù, ẹ má dá a padà fún wọn, òun gan an ni ẹlẹ́rìí yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi tiwọn sílẹ̀ ní gàráàjì, tó bá wá di ariyanjiyàn wọn ò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Kóòdù kì í sọ pé nǹkan báyìí ti bàjẹ́, ẹ lọ ra òmíì. Ohun tó ń sọ ò ju pé kọ̀ǹpútà mọ́tò rí ohun tí ò yẹ kó rí, ibi báyìí ló sì ti rí i. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ gidi, ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ nínú iṣẹ́ wa lónìí ni pé ọ̀pọ̀ ń ka kóòdù tán, wọ́n á ní ẹ mú owó wá.

Ẹ jẹ́ ká ka tiyín. P yẹn ni ẹ́ńjìnnì àti jíà. 0 tó tẹ̀lé e, kóòdù tí gbogbo ilé iṣẹ́ jọ ń lò ni, tó bá jẹ́ 1 ni, ti ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò yẹn nìkan ni. P0135 wá jẹ́ ti iná kékeré tó ń mú sonde àkọ́kọ́ gbóná, sonde tó wà níwájú catalyseur, àgò tó ń sọ èéfín di mímọ́. Sonde ò lè sọ òótọ́ nípa èéfín àfi tó bá gbóná tó nǹkan bíi 300 degree, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ki iná sínú ẹ̀ kó lè tètè gbóná láàárọ̀. Tí iná yẹn ò bá ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà á máa fojú bu ẹsáǹsì tó ń tú sínú ẹ́ńjìnnì títí èéfín fúnra ẹ̀ á fi mú sonde gbóná, ó sì máa ń tú u pọ̀ jù. Ẹ rí i pé ó bá ohun tí ẹ sọ mu, pé ibi tí ò jìnnà ló ti ń mu epo.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni kóòdù yín o. Fíùsì lè jó, waya lè já, omi lè wọ ẹnu ibi tí waya ti so pọ̀, waya máàsì, èyí tó ń dá iná padà sára mọ́tò, lè dẹ̀, tàbí kí iná inú sonde jó lóòótọ́. Epo burúkú lè ba sonde jẹ́, mi ò ní parọ́, àmọ́ ojú ẹ̀ ló máa ń bò, sonde á wá máa lọ́ra, P0133 lẹ máa rí, tàbí kí ẹ́ńjìnnì máa kọsẹ̀, P0300, tàbí kí catalyseur fúnra ẹ̀ rẹ̀, P0420. Epo kì í já waya. Epo kì í jó fíùsì. Ọ̀gá tó sọ pé kpayó ló fa P0135, ẹ ní kó ṣàlàyé ọ̀nà tó gbà.

Àyẹ̀wò ẹ̀ ò le. Waya 4 ló máa wà lára sonde yín. Àwọ̀ méjì nínú ẹ̀ á jọra, funfun ni lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn yẹn ni ti iná. Kí sonde tutù, kí wọ́n gbé mítà sórí ohm, kí wọ́n fi kan méjèèjì. Tó bá mú nọ́ńbà kékeré wá, bíi 3 sí 15, iná inú ẹ̀ ṣì wà láàyè. Tó bá kọ OL, ìyẹn ni pé iná ò lè kọjá, ó ti jó. Ti àtijọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n o, torí tí ti àtijọ́ bá dáa, a jẹ́ pé ohun tí ò bàjẹ́ ni wọ́n pààrọ̀, tí wọ́n sì gba owó ẹ̀.

Táksí Ṣábẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ò yàtọ̀, àfi pé tèmi ò ní gàráǹtì kankan, àlòkù ni, ojú omi Kùtọnu ló gbà wọlé. Láàárín Ṣábẹ̀ẹ́ sí Tchaourou ni mọ́tò á kàn kú pii, tó bá ti gbóná. Kò ní kọsẹ̀, kò ní gbọ̀n, àfi kó kú. A á dúró ní etí ọ̀nà títí tó fi máa tutù, á sì tún jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Wọ́n pààrọ̀ pọ́ńpù ẹsáǹsì, wọ́n pààrọ̀ bùjí, owó ń lọ, èrò ń bú mi.

Ọmọkùnrin kan ní Parakou ló rí i, kò sì tú nǹkan kan. Ó so ẹ̀rọ ẹ̀ mọ́ mọ́tò nígbà tó kọ̀ láti jí, ó ní kí n máa ta á, ó wá ń wo iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí lójú fóònù ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí, gbogbo wa ń gbọ́ ọ, àmọ́ 0 ló wà lójú fóònù. Ó ní kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí rárá, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìyípo yẹn ni, capteur PMH. Ooru ló ń pa á, tó bá tutù á tún ṣiṣẹ́. Ó pààrọ̀ ẹ̀, ó tán. Kóòdù ẹ̀ P0335 ni, àmọ́ a ò rí i tẹ́lẹ̀ torí gbogbo mẹkaníkì tó fọwọ́ kàn án ń yọ orí bátìrì kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà kọ pamọ́ á sì lọ.

Ìmọ̀ràn tèmi nìyẹn: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa kóòdù rẹ́ tàbí yọ bátìrì kí ẹ tó ya fọ́tò ohun tó wà lójú ẹ̀rọ.

Mẹkaníkì Kétu

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Kó sì má jẹ́ kóòdù nìkan lẹ máa yà o. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ kóòdù, ó máa ń kọ bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú yẹn sí i, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, eré tó ń sá, bí ó ṣe ń yí. Freeze frame ni wọ́n ń pè é lórí valise. Tó bá kọ pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù nígbà tí P0135 wọlé, ìyẹn fún ẹ̀rí yín lágbára.

Ìyàwó Olóko, Pọ́bẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n mẹkaníkì, tèmi P0171 ni wọ́n ní ó jẹ́, ìgbà ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní sonde lambda náà ni kí n lọ rà. Ṣé kí n rà á?

Mẹkaníkì Kétu

Ẹ dúró ná, Ìyá. P0171 ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju ẹsáǹsì lọ. Sonde ló sọ fún kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ ló sọ. Ẹni tó mú ìròyìn burúkú wá kọ́ ló ṣe iṣẹ́ burúkú. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Àkọ́kọ́, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé láìgba ẹnu ọ̀nà: àwọn páìpù rọ́bà tó wà lẹ́yìn filter afẹ́fẹ́ títí dé ẹ́ńjìnnì, òòrùn máa ń sán wọn. Kí ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ tẹ́tí, ẹ lè gbọ́ tó ń fọn ṣííì. Èkejì, débitmètre, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Eruku pupa wa àti ti ọyẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ waya tín-ín-rín inú ẹ̀, tó bá ti dọ̀tí á máa sọ pé afẹ́fẹ́ tó wọlé kéré sí bó ṣe jẹ́. Oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí i wà fún un, ti débitmètre gangan ni kí ẹ rà, ẹ má fi ti bíréèkì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ìka tàbí aṣọ bọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Ẹ̀kẹta, bí ẹsáǹsì ṣe ń tú, filter ẹ̀ àti pọ́ńpù.

Ẹ ní kí wọ́n fi àtúnṣe ẹsáǹsì hàn yín lójú valise, long term fuel trim, iye tí kọ̀ǹpútà ń bù kún ẹsáǹsì tàbí tó ń dín kù. Tó bá wà láàárín -10 sí +10 nínú ọgọ́rùn-ún, kò burú. Tó bá ga gan an nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, tó sì wálẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ accélérateur, ihò ló wà níbì kan. Tó bá ṣe pé bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ga sí i, débitmètre tàbí pọ́ńpù ni kí ẹ fura sí. Sonde ló gbẹ̀yìn.

Ọmọ Ìdẹ́nà, Amẹ́ríkà

Ẹ kúulé o. Ọmọ Kétu ni mí, ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe ni mo ń ṣiṣẹ́ níbí. Ẹ ò ní láti máa gbára lé valise àwọn tó ta mọ́tò. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ 16 lábẹ́ ibi tí ìdarí wà, ti Yúróòpù tó ń lo ẹsáǹsì láti 2001, ti gáàsóìlì tẹ̀ lé e ní 2004 tàbí kó ṣíwájú díẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ELM327, ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ pẹ̀lú Bluetooth, kò wọ́n, ẹ lè rí i lọ́jà. Ẹ gbé app bíi Torque tàbí Car Scanner sórí fóònù. Kò lè ka gbogbo ohun tí valise ńlá ń kà o, àmọ́ kóòdù ẹ́ńjìnnì, ooru omi, fuel trim, bí sonde ṣe ń lọ sókè sódò láàárín 0,1 sí 0,9 volt, gbogbo ẹ̀ lẹ máa rí.

Lórí gàráǹtì, òfin ìjọba àpapọ̀ níbí ní kí ilé iṣẹ́ dáhùn fún catalyseur àti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì fún ọdún 8 tàbí 80 000 máìlì, àwọn ohun míì tó jẹ mọ́ èéfín fún ọdún 2 tàbí 24 000 máìlì. Òfin kan sì wà láti 1975, Magnuson-Moss, tí kò gbà kí wọ́n fagi lé gàráǹtì ẹ torí pé o tún mọ́tò ṣe níbòmíì. Àmọ́ ẹ má gbé òfin wa lọ bá àwọn ará Kùtọnu o, kò de wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ra àlòkù láti ibí, kó má retí pé gàráǹtì Amẹ́ríkà á tẹ̀ lé mọ́tò gun ọkọ̀ ojú omi.

Awakọ̀ Ṣakẹ́tẹ́

Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bí ẹni pé kpayó ò ṣe nǹkan kan. Mo ti wà lójú ọ̀nà yìí tipẹ́. Epo inú ìgò tó ti wà lójú oòrùn láti àárọ̀, tí ẹlòmíì ti fi kẹrosíìnì lù, tí omi wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ó ń pa mọ́tò. Èyí tó ń ta á náà lè má mọ̀. Tí Tàǹtí bá ń ra kpayó lóòótọ́, wọ́n á ní nǹkan tí wọ́n máa dì mú.

Ẹ da díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ kedere, ẹ gbé e sílẹ̀ kó dúró. Tí omi bá wà, á sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ máa rí ìlà láàárín ẹ̀. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, kpayó náà ò pọ́ọ́kú mọ́ bíi ti àtijọ́, kí ẹni tó ní mọ́tò tuntun lọ máa rà ní station, kó sì máa gba ìwé. Ìwé yẹn á wúlò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kpayó ni.

Ọmọ Wàńdò, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Station ni mo ti ń rà á. Kì í ṣe gbogbo ìwé ẹ̀ ni mo tọ́jú, àmọ́ MoMo ni mo fi ń san, gbogbo ẹ̀ wà nínú fóònù.

Akọ̀wé Àgbà, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Nídìí ìwé ilé ẹjọ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ apá tèmi.

Ọmọ mi, owó tí o san kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Òfin 2007-21 ti ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá 2007 wà ní Benin láti dáàbò bo oníbàárà. Lẹ́yìn ìyẹn, Code civil, ìwé òfin tí à ń lò, article 1641, sọ pé ẹni tó ta ọjà ló máa dáhùn fún àbùkù tó fara sin nínú ẹ̀. Article 1648 ní kéèyàn tètè gbé e dìde, nítorí náà má jókòó tì í. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ọ̀rọ̀ tìẹ ni article 1315: ẹni tó bá ní gbèsè ò sí lọ́rùn òun mọ́, òun ni kó mú ẹ̀rí wá. Wọ́n fún ẹ ní gàráǹtì. Àwọn ló ń sọ pé epo ti yọ àwọn kúrò nínú ẹ̀. Àwọn ni kó fi epo yẹn hàn, ìwọ kọ́ ló máa lọ wá ẹ̀rí pé epo ẹ mọ́.

Ka ìwé gàráǹtì fúnra ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pàápàá ibi tí wọ́n kọ ohun tí kò kàn. Wo ohun tí wọ́n kọ nípa epo, ọ̀rọ̀ yẹn gan an ni kí o dá lé. Kí o sì rí i pé gbogbo ìgbà tí wọ́n ní kí o gbé mọ́tò wá fún vidange, pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, lo gbé e wá, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sá lọ.

Lẹ́yìn náà kọ lẹ́tà. Má lọ jà, má pariwo nínú gàráàjì, má sì gbára lé ìpè fóònù. Lẹ́tà ojú ìwé kan tó. Kọ nọ́ńbà chassis, ọjọ́ tí o rà á, kìlómítà, nọ́ńbà facture, kóòdù, ohun tí wọ́n sọ, ohun tí àyẹ̀wò fi hàn, ohun tí o fẹ́ àti ọjọ́ tí o fẹ́ gbọ́ èsì. Tẹ̀ ẹ́ méjì. Gbé e lọ fúnra ẹ, kí wọ́n fi òǹtẹ̀, ọjọ́ àti ọwọ́ sí ẹ̀dà tìẹ, décharge yẹn ni agbára ẹ. Tí wọ́n bá kọ̀ láti gbà á, fi í ránṣẹ́ ní recommandé pẹ̀lú accusé de réception, lẹ́tà ilé ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n á fọwọ́ sí pé àwọn gbà á. Fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà, wọn kì í fẹ́ kí orúkọ wọn bàjẹ́ torí ẹni tó ń bá wọn tajà.

Constat huissier, ẹ̀rí tí òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ bá wá fojú rí tó sì kọ sílẹ̀, dáa, àmọ́ owó ni, fún 141 000 mi ò ní kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Tí lẹ́tà ò bá mú nǹkan jáde, Ligue pour la défense du consommateur au Bénin wà, gbé gbogbo ìwé ẹ lọ bá wọn.

Ọmọ Wàńdò, Àjàṣẹ́

Mo ti dé o, ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Mo gbé mọ́tò lọ bá oníṣẹ́ iná kan ní Djègan-Kpèvi, mo fi ohun tí Mẹkaníkì Kétu kọ hàn án. Sonde àtijọ́ ló kọ́kọ́ wọ̀n: 6,2 ohm. Tuntun: 6,0. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn méjèèjì yè, Màmá. Fíùsì ò jó. Ó tú ẹnu ibi tí waya ti so mọ́ sonde, ó ní kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ó fi mítà sí i, iná ò dé ibẹ̀ rárá.

Ó wá tẹ̀ lé waya yẹn sẹ́yìn, ó ń fọwọ́ pa á díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ibi tí ìdì waya ti gba orí irin kan kọjá, ó dúró, ó ní kí n tan iná fóònù wá. Ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi wé waya ti gé, irin yẹn ti ń fá a. Waya kan nínú ẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, okùn kín-ún kan ṣoṣo ló kù tó dì í mú, bó ṣe fọwọ́ kàn án ló já. Ó wá fi hàn mí lára irin yẹn, ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí klípù ọ̀rá yẹ kó wọ̀ kó lè gbé waya sókè kúrò lára irin. Klípù ò sí níbẹ̀. Ihò náà mọ́ tónítóní, àwọ̀ ilé iṣẹ́ ṣì wà nínú ẹ̀, kò jọ pé nǹkan wọ̀ ọ́ rí.

Mo ní kó so ó pọ̀ fún mi, ó kọ̀! Ó ní tí òun bá fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní òun ló bà á jẹ́. Fọ́tò la yà, ti mítà, ti waya, ti ihò, pẹ̀lú kìlómítà tó wà lójú mọ́tò. Mo kọ lẹ́tà bí Bàbá Akọ̀wé ṣe ní kí n kọ ọ́, mo gba décharge.

Mẹkaníkì Kétu

Oníṣẹ́ yẹn mọ iṣẹ́, ẹ bá mi kí i. Klípù tí kò sí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ó jọ pé láti ilé iṣẹ́ ni, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n yọ ọ́ nígbà vidange wọn ò dá a padà. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kì í ṣe epo.

Ọmọ Wàńdò, Àjàṣẹ́

Èsì ti dé. Wọ́n pè mí, ọ̀gá gàráàjì fúnra ẹ̀ ló wá wò ó, kò jiyàn lórí waya, wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi klípù sí i, gàráǹtì ló gbà á. Owó ni wọ́n wá ń fà. Wọ́n ní àwọn á dá main d'œuvre 20 000 padà, àmọ́ sonde ti wà lára mọ́tò, pé èrè ni fún mi, sonde tuntun. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Akọ̀wé Àgbà, Àjàṣẹ́

Má fọwọ́ sí i. Tó bá pọn dandan kí o fọwọ́ sí nǹkan kan láti gba mọ́tò ẹ, kọ « sous réserve », pé o ò tíì gbà tán, sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ kí o sì kọ ohun tó kù sábẹ́ ẹ̀. Ìwọ kọ́ lo ní kí wọ́n ra sonde wá, àwọn ló ní ti àtijọ́ ti kú, mítà sì ti fi hàn pé kò kú. Kọ lẹ́tà kejì: kí wọ́n dá sonde àtijọ́ padà sára mọ́tò, kí wọ́n gba tuntun wọn, kí wọ́n dá 96 000 padà. Kọ nípa 25 000 náà lọ́tọ̀, àyẹ̀wò tí kò rí àrùn kì í ṣe àyẹ̀wò tí ó yẹ kí o san.

Ọmọ Wàńdò, Àjàṣẹ́

Wọ́n gbà lórí sonde. Lẹ́yìn tí ẹ̀dà lẹ́tà kejì dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ni ohùn wọn yí padà. 96 000 àti 20 000 ti wọlé sórí àkáǹtì mi. 25 000 ti diagnostic nìkan ni wọ́n ní àwọn ò ní dá padà, wọ́n ní àkókò oníṣẹ́ ni. Mi ò ní fi í sílẹ̀, mo ti to àwọn ìwé mi sínú fáìlì: facture, ìwé iṣẹ́ tí kóòdù wà lára ẹ̀, fọ́tò, décharge méjèèjì, ìwé gàráǹtì. Mò ń gbé e lọ fún àwọn Ligue lọ́sẹ̀ yìí. Sonde àtijọ́ ti padà sáyè ẹ̀, iná ò tàn.

Mẹkaníkì Kétu

Ẹ kú oríire, Tàǹtí. Ẹ má tíì fọkàn balẹ̀ pátápátá o, torí iná lè ṣàì tàn nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ ni, tí kọ̀ǹpútà ò sì tíì tún un yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò sùn mọ́jú kó tutù pátápátá, ẹ jí i láàárọ̀, ẹ wà á lọ Kùtọnu kí ẹ sì wà á bọ̀. Ẹ wá fi ELM327 wo ibi tí wọ́n ń pè ní readiness, ibi tó ń fi àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ti ṣe parí hàn, ẹ wá ìlà O2 heater, ti iná inú sonde. Tó bá kọ complete, tí P0135 ò sì sí níbẹ̀, waya yẹn ti dáa. Ẹ ya fọ́tò ìyẹn náà kún ohun tó wà nínú fáìlì kí ẹ tó gbé e lọ.